Ohùn Ìyá Hamdalah Nínú Gbọ̀ngàn Àpérò

Wọ́n máa ń ní ọ̀tá ni kí èèyàn ṣọ́ra fún. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì jìyà. Ọ̀tá ò mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ẹni. Ẹni tó ti bá wa jókòó nídìí ààrò ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Títílọpẹ́ fojú Ìyá Hamdalah rí fún yín. Kí ẹ fi kọ́gbọ́n, bí ọgbọ́n kankan bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀.

Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Igando, yàrá wọn kọjú síra. Mọ̀dínátù lorúkọ Ìyá Hamdalah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Orí ààtàn Solous ló ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: ó ń ṣa ike àti páànù, ó ń tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń wá kó wọn. Ibẹ̀ náà ni Gàníyù ọkọ rẹ̀ wà, òun ni igbákejì alága ẹgbẹ́ àwọn aṣààtàn. Hamdalah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Títílọpẹ́ ní tirẹ̀ ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Bí iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ṣe ń jẹ ìlera rẹ̀, àti bí àìlera òbí ṣe ń lé ọmọ kúrò nílé ìwé, ohun tó ń ṣèwádìí lé lórí nìyẹn. Ibo ló tún ń wá irú ẹ̀ lọ? Ó wà lójúde rẹ̀.

Ìyá Hamdalah sì fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí. Bí Títílọpẹ́ bá ti yunifásítì dé, tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ìyá náà á ti bo oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

"Títí, wá jẹun jàre. Ìwé ò ní sá lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Títílọpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló wà. Ó bá Ìyá Hamdalah ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọ ike. Ó jókòó tì í, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí àpótí, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe wá sí yín lẹ́nu, Ìyá Hamdalah. A ò ní dárúkọ yín níbì kankan. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Ṣé èmi ò gbà ẹ́ gbọ́ ni?"

Ìyá náà sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó sọ̀rọ̀ èéfín tó ń gba àyà wọn nígbà tí ààtàn bá ń jó. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ike ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọ̀nà wíńdò yàrá rẹ̀, ó wo Títílọpẹ́.

"Pa fóònù yẹn."

Títílọpẹ́ mú fóònù, ó da ojú rẹ̀ dé orí àpótí. Kò pa á.

Ó padà sọ pé òun ò mọ ìdí tí òun ò fi pa á. Irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ní kí wọ́n pa fóònù kí òun tó sọ, òun gan-an ni gbogbo oníwàádìí ń wá kiri.

"Abẹ́rẹ́ ló gún mi lọ́wọ́ lórí ààtàn," Ìyá Hamdalah sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn, ó wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Mo fún ẹ̀jẹ̀ jáde, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo ní ó tán. Ó ṣe díẹ̀, ara mi ò yá mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Títí, wọ́n ní mo ti kó o."

"Ẹ kó kí ni, mà?"

"Éèdì."

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké. Ìyá Hamdalah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọṣẹ wọ ọ́ lójú, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Mò ń lo oògùn. Wọ́n ní bí mo bá ń lò ó déédéé, mi ò ní kó o ran ẹnikẹ́ni, màá sì pẹ́ láyé. Ọ̀nà Ìkẹjà lọ́hùn-ún ni mo ti ń lọ gbà á, kí ojúlùmọ̀ má baà rí mi. Ọkọ mi ò mọ̀. Bó bá mọ̀ pé mo ní éèdì, á lé mi síta bí ajá. Bí olè ni mo ṣe ń gbé oògùn mì nínú ilé ara mi. Mo sùn tì í, ẹ̀rù ń bà mí kí oorun má lọ jẹ́ kí n sọ ọ́."

Ó wá bú sẹ́kún. Ẹkún tí èèyàn bá ti ń gbé mì tipẹ́, bó bá jáde, kì í dùn ún gbọ́.

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kódà, Hamdalah ò mọ̀."

Títílọpẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi. Inú mi ló kú sí."

Fóònù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àpérò dé. Àpérò ńlá ni, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fẹ́ wá jíròrò lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Báyọ̀dé, tó ń darí ìwádìí Títílọpẹ́, ló gbé e wá sí Alímọ̀ṣọ́, sí gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní ojú ń ti òun láti máa sọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù nínú òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá. Ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dára jù, yunifásítì kan ní Jẹ́mánì á gbà á wọlé, wọ́n á gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka iṣẹ́ Títílọpẹ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìṣirò rẹ péye. Àmọ́ ó gbẹ. Ó gbẹ bíi gààrí tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Gbogbo wọn ló máa mú ìṣirò wá, Títílọpẹ́. Ìwọ, mú èèyàn wá."

Títílọpẹ́ yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Mo ní ohùn kan lọ́wọ́, sà."

Ó tẹ fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ṣé ó gbà kí o lò ó?"

Ibí yìí ló yẹ kó ti dúró. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kò sí ẹni tó tì í láti ẹ̀yìn. Àmọ́ Jẹ́mánì ti wọ ọ́ lójú.

"Ó gbà, sà."

Òun àti Esther, tí wọ́n jọ ń kàwé, ni wọ́n jókòó gé ohùn náà kúrú, torí pé àkókò tí wọ́n fún oníkálukú ò pọ̀. Títílọpẹ́ mú ibi tí ìyá náà ti ní "ọkọ mi ò mọ̀". Ó mú ibi tó ti sunkún. Ó gé ti abẹ́rẹ́ kúrò.

"Kò ha yẹ ká fi ti abẹ́rẹ́ sí i?" Esther béèrè. "Ṣebí òun ni orísun ọ̀rọ̀."

"Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lédè Òyìnbó."

"Ẹni tó ni ohùn yìí ńkọ́? Àwọn ará ilé ẹ̀?"

"Kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò. Ta ló máa mọ̀ ọ́n?"

Láàárọ̀ ọjọ́ àpérò, Títílọpẹ́ ń lọ kóòtù tó máa wọ̀, ibì kan náà ló ń lọ̀ ṣáá. Ìyá Hamdalah ló gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ló lọ kóòtù náà fún un, ló gbé e wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ọlọ́hun á fún ẹ ní ojú rere wọn. O ò ní rí ìtìjú."

Títílọpẹ́ ní, "Àmín, mà." Ó sáré jáde kí ìyá náà má baà wo ojú rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn ará Gánà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbé káàdì kọ́ ọrùn ń pín ara wọn ní káàdì mìíràn. Lásìkò tíì, Títílọpẹ́ di mítì páì mú tí kò lè jẹ ẹ́, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Títí! Ọmọ wa!"

Gàníyù ni. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun báláú, fìlà tuntun lórí. Ràímì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, dúró tì í.

"Bàbá Hamdalah? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní kó rán èèyàn wá. Alága wa, Ọláṣùpọ̀, ló yẹ kó wá, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní kí èmi lọ. Mi ò tiẹ̀ sọ fún ìyàwó mi, mo fẹ́ kó bá a lójijì pé mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín dé etí. "Mo ti sọ fún Ràímì pé ọmọ ilé mi ni wọ́n máa pè síta yẹn."

Títílọpẹ́ gbé mítì páì náà sílẹ̀. Ó sáré lọ bá Esther nídìí láptọ́ọ̀pù tó ń gbé àwòrán sára ògiri.

"Ọkọ ẹ̀ wà níbí."

"Ọkọ ta ni?"

"Ọkọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Òun ló wọ funfun lẹ́yìn lọ́hùn-ún."

Esther gbé ọwọ́ lé àyà. "Jésù! Jẹ́ ká yọ ọ́. Mo lè yọ ọ́ báyìí, kò le rárá."

Títílọpẹ́ wo iwájú. Obìnrin ará Jẹ́mánì tó ń ṣe adájọ́ jókòó síbẹ̀, ó ti gbé gègé sílẹ̀, ó ń yán. Ọ̀dọ́kùnrin tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti mú ìṣirò tó dára ju tirẹ̀ lọ wá.

"Fi sílẹ̀."

"Títílọpẹ́!"

"Mo ní fi sílẹ̀. Máìkì máa ń yí ohùn padà. Kò lè mọ̀ ọ́n."

"Ọkọ ò ní mọ ohùn ìyàwó ẹ̀?"

Títílọpẹ́ tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó fi èdè Òyìnbó ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún àwọn tó ń ṣa ààtàn, bí àrùn ṣe ń gba ibẹ̀ wọlé sí wọn lára. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Gàníyù ń mi orí sí Òyìnbó tí kò yé e, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ìgúnpá tọ́ Ràímì.

Títílọpẹ́ wá fọwọ́ sọ fún Esther pé kó tẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ mi ò mọ̀," ni ohùn náà wí, nínú gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn náà lẹ́ẹ̀kan náà. "Bó bá mọ̀ pé mo ní éèdì, á lé mi síta bí ajá."

Gàníyù kọ́kọ́ yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé ìyàwó òun ló wọlé.

Kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó wá gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, sí ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sára ògiri, ó sì ń wò ó títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bí olè ni mo ṣe ń gbé oògùn mì nínú ilé ara mi. Mo sùn tì í, ẹ̀rù ń bà mí..."

"Gàníyù," Ràímì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé kì í ṣe Ìyá..."

"Má dárúkọ ẹ̀."

Ẹkún Ìyá Hamdalah gba gbọ̀ngàn kan. Àwọn àlejò ń ka ìtumọ̀ rẹ̀ lára ògiri, wọ́n ń nu ojú. Nígbà tó tán, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin ará Jẹ́mánì náà dìde, omi lójú rẹ̀.

Láàárín àtẹ́wọ́ yẹn ni Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ níwájú. Aṣọ funfun rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ àwọn èèyàn lójú. Wọ́n yà fún un. Wọ́n rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Olóòtú ètò tiẹ̀ na máìkì sí i.

"Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn rèé! Bàbá, ẹ bá wa sọ nǹkan kan."

Gàníyù gba máìkì. Kò wo olóòtú. Títílọpẹ́ ló ń wò.

"Ohùn ìyàwó mi lẹ gbé síbẹ̀ yẹn."

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ ṣì ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin ará Jẹ́mánì fara sún mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Báyọ̀dé, ó ń béèrè ohun tí bàbá náà wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Gàníyù rọra gbé máìkì lé orí tábìlì, ó jáde.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ṣì fún Títílọpẹ́ ní ẹ̀bùn Jẹ́mánì náà.

Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, ó tún wọ òmíràn dé Igando. Láti òpópónà ló ti ń gbọ́ ariwo. Gbogbo ilé ló jáde síta. Ìyá Hamdalah wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

"Dárúkọ ọkùnrin náà!" Gàníyù ń pariwo. "Ta lo ti gbà á?"

"Abẹ́rẹ́ ni, Bàbá Hamdalah. Mo fi Àlùkùránì búra, abẹ́rẹ́ ni!"

"Mo fi etí ara mi gbọ́ ẹ! Mi ò gbọ́ abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀!"

"Níbo lẹ ti gbọ́ mi?"

Gàníyù na ìka sí ẹnu géètì. "Bi í léèrè. Ọmọ ẹ tó ń kàwé nìyẹn."

Ìyá Hamdalah yíjú. Ó rí Títílọpẹ́ pẹ̀lú kóòtù tí òun fọwọ́ ara òun lọ̀. Kò tíì yé e. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ kú.

"Títí. Mo ní kí o pa á."

Títílọpẹ́ bọ́ sórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá Hamdalah, òótọ́ ni wọ́n ń sọ! Abẹ́rẹ́ ni! Wọ́n sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo gé e kúrò!"

"O gé e kúrò?"

"Àkókò ò tó, sà. Mo fi Òyìnbó sọ ọ́..."

"O fi Òyìnbó sọ èyí tó máa gbà á là," Gàníyù sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O wá fi Yorùbá sọ èyí tó máa pa á. Ta ló wá ní kí n gba ẹnu ẹ gbọ́ báyìí?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Hamdalah wà níta.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ì bá sàn. Ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn ti fi fóònù gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti ohùn, àti Gàníyù pẹ̀lú máìkì. Ó bọ́ sórí Wọ́sáàpù. Láti Igando dé Ìkòtún, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn: "Ẹ gbọ́ obìnrin tó kó éèdì wọlé fún ọkọ ẹ̀." Àwọn tó ti ń bá a mu omi nínú ife kan lórí ààtàn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan àpò wọn mọ́. Wọ́n ní kó kúrò níbi tó máa ń jókòó sí.

Títílọpẹ́ lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, torí pé àwọn tó ṣètò àpérò náà gbé ohùn yẹn sórí ojú òpó wọn lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

"Ká yọ ọ́? Wọ́n á béèrè ìdí. Kí la máa sọ? Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún wọn pé o purọ́ fún mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí ìwé rẹ̀. Irọ́ náà ti ṣe òun náà láǹfààní.

Gàníyù lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò ní nǹkan kan. Dókítà ṣàlàyé fún un pé oògùn tí ìyàwó rẹ̀ ń lò ló dáàbò bò ó, àti pé ohun tí obìnrin náà sọ nípa abẹ́rẹ́ lè ṣẹlẹ̀. Ó wá kó àwọn àgbà lọ sí Ìjẹ̀gùn, níbi tí Ìyá Hamdalah ti sá lọ bá àbúrò rẹ̀ gbé. Ó ní kó máa bọ̀ nílé, òun ti gbà.

Ìyá Hamdalah ò gbójú sókè. "Nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, 'ta ni' lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí pé báwo lara mi. Ẹ máa lọ sílé, Bàbá Hamdalah."

Bí ìgbéyàwó wọn ṣe tú nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ tí Títílọpẹ́ máa wọ bàálù kù díẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn lójú ọ̀nà olókùúta yẹn. Ṣé ó kọ ẹ̀bùn náà ni? Kò kọ ọ́. Ó ní bí òun bá kọ ọ́, kò lè dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tu ara rẹ̀ nínú.

Hamdalah ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

"Hamdalah, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí wọn. Kí n kàn kúnlẹ̀ fún wọn."

"Fún kí ni? Kí ẹ lè rí nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ ní Jẹ́mánì?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi."

"Àǹtí Títí, ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ dé ilé ìwé wa ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ aláìsàn ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé jù mí lọ, ṣé wọn ò kọ́ yín ni?"

Títílọpẹ́ na ọrùn wo inú ilé.

"Wọ́n ò sí nílé. Ẹ má wá mọ́."

Ó padà fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó dé oríta, ó rí ẹni tó ń wá. Ìyá Hamdalah jókòó sídìí igbá èédú, ó ti rù gan-an. Títílọpẹ́ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kan tó bàjẹ́.

Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mà, èló ni ẹ̀ ń ta èédú?"

Ìyá Hamdalah na ìka ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Ẹ bá mi dín in kù díẹ̀, mà. Àbí kò gbà?"

Ó mi orí pé kò gbà. Kò la ẹnu. Láti ìgbà tí obìnrin kan ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Ìkẹjà, tó sì pariwo pé "òun nìyí, òun ni ti Wọ́sáàpù yẹn", kò tún bá àjèjì sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?" oníbàárà béèrè.

"Odi ni wọ́n," ni alájọtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ máa fọwọ́ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ìyá Hamdalah gbọ́ ọ. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń bu èédú sínú láílọ́ọ̀nù.